Òpó Ẹnu Ọ̀nà Ilé Tranter

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ," Avril Tranter wí. "Ó lè jẹ́ etí mi ni kò gbọ́ ọ dáadáa."

Kirsty Lomax gbé ọwọ́ lé òpó ẹnu ọ̀nà náà bí ẹni tó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ tó ń sùn. Òṣìṣẹ́ káńsù ni, òun ló ń bójú tó àwọn ilé àtijọ́ ní agbègbè wa, kò sì dájú pé ó tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

"Mo ní a ò lè fọwọ́ kan òpó yìí, Ìyáàfin Tranter. Ẹ lè tẹ́ pákó sórí àtẹ̀gùn kí àga oníkẹ̀kẹ́ lè gùn ún. Ẹ lè gbé bẹ́ẹ̀dì sí pálọ̀. Ìyẹn ò ní wàhálà. Àmọ́ òpó yìí, rárá."

"Àga náà ò gba ibẹ̀ wọlé."

"Mo mọ̀, mà."

"Ìka mẹ́ta ló fi fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà lọ. Ìka mẹ́ta péré!" Avril na ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i lójú. "Mi ò ní kẹ́ ẹ wó ilé. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà kan gé inú òpó yìí díẹ̀, láti ìsàlẹ̀ dé ìbàdí, ká rí ọkọ mi gbé wọlé. Kí ló le níbẹ̀?"

"Ibi ìbàdí gan-an ni àmì náà wà."

Avril kò wo àmì náà. Kí ló fẹ́ wò? Lẹ́tà méjì ni, àti ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan, tí ẹnìkan fi ọ̀bẹ gbẹ́ sára igi óákù nígbà tí ayé ṣì wà ní kékeré. Láti ìgbà tó ti wọ ilé yẹn gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, ara ẹyẹ náà ló máa ń fi agbòjò rẹ̀ tì sí tí òjò bá pa á dé.

"Ẹ ò lè wá àga tó kéré sí i?" Kirsty béèrè.

"Ẹ ò mọ bí Desmond ṣe tóbi tó ni. Ọrùn rẹ̀ ò sì dúró mọ́. Èyí tó ní ìgbérílé ló gbà á, ìyẹn nìkan sì ni ọsibítù ní." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ gbọ́, ọmọ mi. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa gba bẹ́ẹ̀dì wọn. Tí kò bá rí ilé wọ̀ lọ́jọ́ náà, Coldstow ni wọ́n ń gbé e lọ, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Bọ́ọ̀sì méjì ni mo máa wọ̀ kí n tó débẹ̀, èkejì kì í sì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Gbogbo àwọn tí mo mọ̀ tí wọ́n gbé lọ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó padà wálé nínú wọn. Ẹ wá ń bá mi sọ̀rọ̀ ẹyẹ."

Ojú Kirsty pọ́n. "Tí mo bá gbà fún yín, iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn. Tí ẹ bá gé e láìgba àṣẹ, kóòtù ni. Òfin ni, mà. Kì í ṣe èmi."

"Òfin ni, kì í ṣe èmi," Avril sín in jẹ. "Gbogbo yín lẹ mọ ìyẹn sọ."

Ohun tó dun Avril jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé kì í ṣe káńsù ló fi ẹyẹ yẹn kọ́ òun lọ́rùn. Ọkọ rẹ̀ ni.

Ní Allerbourne, ta ni kò mọ Ambrose Fenner? Ó ti tó irínwó ọdún tó ti kú, síbẹ̀ òun ló ń bọ́ ìlú. Búrẹ́dì wa ń jẹ́ Fenner, ọtí wa ń jẹ́ Fenner, àní ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò lẹ́yìn ọjà náà ń jẹ́ Fenner, bí ẹni pé ọkùnrin náà fi mọ́tò rìn rí. Gbogbo ayé ló ń ṣe eré rẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé ń kọ́ ewì rẹ̀ sórí tipátipá, àwa ń ta ife tíì. Fenner fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé nílé bàbá ìyá òun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ìdáná, lòun ti gbọ́ ìtàn àkọ́kọ́ tó sọ òun di akéwì. Láti ayé àwọn bàbá wa ni wọ́n ti ń nawọ́ sí ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Tranter pé òun nìyẹn. Wọ́n sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àwọn àlejò ń sanwó wọ̀ ọ́, wọ́n ń fọwọ́ kan ibi ìdáná, àwọn mìíràn tiẹ̀ ń sunkún níbẹ̀.

Nígbà tí Desmond fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́, ibẹ̀ ló lọ ń ṣe amọ̀nà fún àwọn àlejò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń ka àwọn ìwé àtijọ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń wọn ilẹ̀, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ, títí ó fi fi ọwọ́ gbá tábìlì lálẹ́ ọjọ́ kan pé wọ́n ti ṣìlé. Ilé àwọn gan-an ni! Àwọn onímọ̀ wá, wọ́n lu ihò kékeré sára igi ilé méjèèjì, wọ́n ka òrùka inú wọn láti mọ ọjọ́ orí igi. Igi tí wọ́n fi kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ṣì wà nínú igbó nígbà tí ìyá Fenner ti lọ sílé ọkọ. Ti ilé Tranter ló pé ọjọ́ orí, lẹ́tà méjì tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ bàbá ìyá Fenner ló sì wà lára òpó, pẹ̀lú ẹyẹ tó jẹ́ àmì ìdílé wọn. Desmond jó nínú ilé ìdáná lọ́jọ́ yẹn, àgbàlagbà tó ga tó ilẹ̀kùn. Káńsù fi òfin de ilé náà kí wọ́n má baà fọwọ́ kàn án. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni rọpárọsẹ̀ kọ lù ú.

"Ẹ̀yìnkùlé ńkọ́?" Kirsty béèrè. Ó ń wá ohun tí yóò fi tù ú nínú. "Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yín fẹ̀, àná-àná yìí ni wọ́n kọ́ apá ibẹ̀. Kò sí òfin lórí rẹ̀."

Avril rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn. "Ẹ mọ inú ọgbà ta ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wa ṣí sí?"

Kirsty mọ̀. Ó yíjú wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Hilary Pargeter ń nu ife nínú ṣọ́ọ̀bù ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nígbà tí Avril wọlé. Òun ni alákòóso ibẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ àfi òun àti àwọn ife, àwòrán ilé náà sì wà lára ìkọ̀ọ̀kan wọn.

"Hilary, ẹ káàárọ̀."

"Ìyáàfin Tranter."

Tẹ́lẹ̀, Avril ni Hilary máa ń pè é. Àwọn méjèèjì jọ máa ń mu tíì nínú ọgbà lẹ́yìn ilé ni, wọ́n á jọ máa bú àwọn àlejò tó ń já òdòdó.

"Mo wá bẹ̀ yín ni," Avril wí. "Desmond ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ Ẹtì. Àga rẹ̀ ò gba iwájú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tì í gba inú ọgbà yín dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wa. Ìyẹn nìkan ni."

Hilary kò gbé ojú sókè. "Ẹ wo yàrá yìí. Ṣé ẹ rí àlejò kankan?"

"Hilary..."

"Ẹ wò ó! Lọ́dún tó kọjá, irú àsìkò báyìí, wọ́n ń tò dé ojú títì. Gbogbo àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ni mo ti dá dúró. Ọkọ yín dúró nínú pálọ̀ mi, nínú aṣọ iṣẹ́ tí mo rà fún un, ó ń sọ fún àwọn tó sanwó wọlé pé, 'Ẹ ti ṣìlé o, ilé mi lẹ ń wá.' Níṣojú mi! Ṣé èèyàn gidi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Mo sọ fún un nígbà yẹn pé kò dáa."

"Ẹ sọ fún un, kò gbọ́. Mo lé e, ó lọ kó àwọn onímọ̀ wá. Ẹ wá fẹ́ kí n ṣí géètì fún un."

Avril di ọwọ́ mú lórí káńtà. Ọwọ́ ńlá ni. Ìdí ẹran títà ló ti ṣiṣẹ́ jẹun láti ìgbà ọmọge títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí egungun màlúù tí kò lè là. "Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ṣé kí n kúnlẹ̀?"

"Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi." Hilary gbé ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Lọ́jọ́bọ, ọjọ́ ìbí Fenner, ẹnu ọ̀nà yín ni ìwọ́de máa dúró sí lọ́dún yìí, kì í ṣe tèmi. Méyọ̀ ìlú máa ní kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ dípò ọkọ yín. Ẹ kàn sọ pé orí rẹ̀ ò pé mọ́ kí àìsàn náà tó dé. Pé òun fúnra rẹ̀ sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ náà ò dá òun lójú."

"Àwọn onímọ̀ ti ka igi, Hilary."

"Iyàn ni iṣẹ́ àwọn onímọ̀. Ẹ sáà fún wọn ní nǹkan tí wọ́n máa jà lé lórí. Tí ẹ bá ti sọ ọ́, géètì ọgbà á ṣí lọ́jọ́ Ẹtì, mi ò sì ní tì í mọ́ láéláé. Mo ṣèlérí fún yín."

Avril jáde. Ṣùgbọ́n kó tó dé ibi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì, ó ti gbà á nínú ọkàn rẹ̀. Kí ló kàn án nípa ibi tí wọ́n bí ìyá Fenner sí? Kì bá à jẹ́ orí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n bí i sí! Gbólóhùn méjì péré, ọkọ rẹ̀ á sì wọlé. Ó tiẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò nínú bọ́ọ̀sì, ètè rẹ̀ ń mì, títí ẹni tó jókòó tì í fi sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Desmond jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìrọ̀rí mẹ́ta ló gbé e dúró. Apá ọ̀tún rẹ̀ kú, apá òsì rẹ̀ yè. Láti ọjọ́ tí àìsàn náà ti dé, kò lè pe omi, kò lè pe búrẹ́dì, kò lè pe Avril. Ṣùgbọ́n ewì Fenner ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí òjò, láìgé, láìfò. Dókítà ní ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, pé ibi tí ewì àti orin ń gbé nínú ọpọlọ kì í ṣe ibi tí ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ń gbé. Avril kò rò pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹ lóhun tí wọ́n ń sọ fún ìyàwó.

Ó fi tíì sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀, ó sì fa àga jókòó. Wọ́n ti ní àdéhùn: tí Desmond bá fọwọ́ lu bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ni, tó bá lù ú lẹ́ẹ̀mejì, rárá.

"Gbọ́ mi dáadáa, Des. Mo lọ bá Hilary. Ó ní òun máa jẹ́ ká gba inú ọgbà òun." Ojú Desmond tàn. "Àmọ́ ó ní kí n sọ lọ́jọ́bọ pé orí ẹ ò pé nígbà tó o sọ̀rọ̀ ilé. Pé o ti ń ṣiyèméjì. Mo máa sọ ọ́, ó tán. Ìwọ náà..."

Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí ọwọ́ òsì fi gbá ife tíì. Tíì dà sórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ife ń yí lọ nílẹ̀. Desmond ń lu bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mejì, ojú rẹ̀ pupa, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ.

"Ó dáa! Ó dáa, mo ti gbọ́!" Avril ń fi aṣọ nu tíì. "Kí n má sọ ọ́. Ṣé kí n wá gé òpó ni? Kí n gé e, kí wọ́n gbé mi lọ sí kóòtù?"

Ọwọ́ náà dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lu bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lẹ́. Omi yọ lójú Desmond, ó ń ṣàn wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ tó wọ́, kò sì lè nù ún.

"Ìyẹn náà, rárá. Coldstow lo fẹ́ lọ nígbà náà, àbí? O fẹ́ kí n máa wọ bọ́ọ̀sì méjì wá wò ọ́ títí tí ọ̀kan nínú wa fi máa kú?"

Ọwọ́ náà kò lu nǹkan kan. Desmond wò ó, ó sì la ẹnu, ohùn rẹ̀ jáde ketekete bíi ti ọjọ́ tó wà ní kíláàsì:

"Má tan fìtílà, mo mọ ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ;
inú òkùnkùn ni mo ti kọ́kọ́ mọ ohùn rẹ."

Ewì yẹn ló kà fún un nídìí ẹran nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra, ó ń ra sọ́séèjì, àwọn oníbàárà tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń kùn. Avril rò pé Desmond ló kọ ọ́. Ẹ̀yìn ìgbéyàwó ló tó rí i nínú ìwé pé Fenner ló kọ ọ́ fún ìyàwó onílé kan tí kò tiẹ̀ gbà fún un. Ó ti fi í rẹ́rìn-ín láìmọye ìgbà. Lónìí, inú ló bí i.

"Má fi ọ̀rọ̀ òkú dá mi lóhùn, Desmond!"

Gbogbo wọ́ọ̀dù yíjú sí wọn. Nọ́ọ̀sì kan sáré wá. "Màmá, ẹ rọra, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ fi mí sílẹ̀," Avril wí. "Ọkọ mi ni mò ń bá jà. Ẹ̀tọ́ mi ni."

Ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde. Nínú bọ́ọ̀sì, ó ń bú Fenner, ó ń bú ìyá Fenner, ó ń bú bàbá tó mú ọ̀bẹ tó fi gbẹ́ ẹyẹ sára igi bí ẹni tí kò rí iṣẹ́ ṣe. Ó bú Desmond náà. Kí ló fẹ́ kí òun ṣe? Èèyàn kì í sọ pé rárá sí gbogbo ọ̀nà, kó wá máa ka ewì ìfẹ́. Ìgbà tí ìbínú náà rọlẹ̀ díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ọwọ́ òsì yẹn. Rárá méjèèjì kò dọ́gba. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ Hilary, ó fẹ́ fọ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ òpó, ẹkún ló sun. Ohun tó dun èèyàn yàtọ̀ sí ohun tó lè pa á. Avril ti gbé pẹ̀lú ọkùnrin yìí pẹ́ tó láti mọ èwo ni èwo.

Lọ́jọ́bọ, oòrùn ràn, ohun tí kì í sábà ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìbí Fenner. Ìwọ́de gba àárín ìlú kọjá, àwọn onífèrè ṣíwájú, àwọn ọmọ iléèwé tẹ̀ lé wọn, gbogbo wa fi ewé rósímárì sí àyà. Méyọ̀ wọ ẹ̀wọ̀n wúrà rẹ̀, òógùn bò ó. Ó fi òdòdó kọ́ sára ilẹ̀kùn ilé Tranter, ó sọ̀rọ̀ jù bó ṣe yẹ, lẹ́yìn náà ó ní kí Ìyáàfin Tranter bá wa sọ̀rọ̀ dípò ọkọ rẹ̀.

Avril dúró lórí àtẹ̀gùn. Ó rí Hilary Pargeter níwájú, nínú ẹ̀wù àwọ̀lékè aláwọ̀ ewé, ó di báàgì rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Mi ò mọ̀rọ̀ sọ," Avril wí. "Ọkọ mi ló mọ̀ ọ́n sọ. Alágídí ni. Ó ti fi Fenner yọ mí lẹ́nu láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, ẹ̀yin náà sì mọ̀, torí ó yọ gbogbo yín lẹ́nu." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. "Ó ṣe ohun tí kò dáa sí aládùúgbò wa, mo sì tọrọ àforíjì lórí ìyẹn. Àmọ́ kì í purọ́. Orí rẹ̀ pé. Ó ní ilé yìí ni. Ilé yìí náà ni. Ẹ ṣé."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Hilary yí padà kí àtẹ́wọ́ tó tán, ó wọ ilé rẹ̀ lọ. Kò pẹ́, Avril gbọ́ tí wọ́n ti géètì ọgbà, tí wọ́n sì fi irin dè é.

Ìwọ́de kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Avril dúró títí fèrè fi dákẹ́, ó wọlé, ó mú ayùn Desmond jáde lábẹ́ àtẹ̀gùn, òun àti òòlù àti irin ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń gbẹ́ igi. Ó ti bẹ káfíńtà mẹ́ta, gbogbo wọn ló ní àwọn kò fẹ́ ọ̀rọ̀ kóòtù. Ó so épúróònù ìdí ẹran rẹ̀ mọ́ra, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ní ọ̀sán gangan.

Igi náà le bí irin. Ó fi ayùn gé e wọlé ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta ní ìsàlẹ̀, ó gé òmíràn sókè rẹ̀, ó fi òòlù lu ohun tó wà láàárín wọn kúrò. Bí wọ́n ṣe ń yọ ẹran kúrò láàárín egungun ìhà náà ni. Ó gé, ó lù, ó sinmi, ó gé. Àwọn àlejò méjì dúró, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n rò pé ara ayẹyẹ ni. Ó ní kí wọ́n máa lọ, wọ́n ya òmíràn. Orúnkún ń ta á. Nígbà tí Kirsty Lomax fi sáré dé, pẹ̀lú rósímárì lára ẹ̀wù rẹ̀, ẹyẹ nìkan ló kù.

"Ìyáàfin Tranter! Ẹ dúró!"

Avril dúró. Òógùn ń kán sílẹ̀ láti imú rẹ̀. "Mò ń gbọ́."

"Ẹ ti bà á jẹ́." Kirsty ń wo àwọn ègé igi nílẹ̀. "Irínwó ọdún ó lé. Ogun kọjá lára ẹ̀, iná kọjá lára ẹ̀. Ẹ ti bà á jẹ́ láàárín ọ̀sán kan."

"Mo ti bà á jẹ́."

"Mo máa kọ ọ́ o. Mi ò lè ṣe bí ẹni pé mi ò rí i."

"Kọ ọ́. Kọ gbogbo ohun tó o rí. Orúkọ mi ni Avril, lẹ́tà márùn-ún ni." Ó tún gbé ayùn lé igi. "Àmọ́ o ò lè dá ohun tí mo ti gé padà."

Kirsty bo ẹnu. Nígbà tó sọ̀rọ̀ padà, ìbínú ló fi sọ ọ́. "Ẹ má fi òòlù lù ú. Ẹ ń gbọ́? Ẹ gé òkè rẹ̀, ẹ gé ẹ̀yìn rẹ̀, kó jáde lódindi."

Ó kúnlẹ̀ sí òdìkejì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹyẹ náà dúró nígbà tí Avril ń gé e. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tó já, Kirsty fi ìborùn rẹ̀ wé e, ó gbé e mọ́ àyà, ó sì ń lọ láìdágbére.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn ọkùnrin méjì gbé Desmond sọ̀kalẹ̀ nínú áńbúláǹsì. Wọ́n tì í gun pákó, wọ́n tọ́ ọ sí ẹnu ọ̀nà, àga náà kọjá, ó ku díẹ̀ kó há.

"Ẹ dúró fún un," Avril wí, nítorí ó rí i pé ọwọ́ òsì ti gbéra.

Ọwọ́ náà na lọ sí ara òpó. Ó kan ojú igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, tó funfun, ó sì ń wá ẹyẹ. Ó wá a lókè, ó wá a nísàlẹ̀, ó padà sí ibi tó yẹ kó wà. Desmond yí ojú wo ìyàwó rẹ̀. Kò ka ewì kankan. Ó lu apá àga lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọkùnrin náà wo ilẹ̀.

Wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì ní pálọ̀, wọ́n fi bí wọ́n ṣe máa yí i padà han Avril, wọ́n kí i, wọ́n lọ. Desmond ti kọ ojú sí ògiri. Avril pè é, kò yíjú. Ó tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe, ejìká òsì rẹ̀ le gbandi. Avril fẹ́ sọ pé ó dun òun. Ó fẹ́ sọ ohun tí òun sọ níwájú Méyọ̀ àti gbogbo ìlú, àti bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sọ ìkankan níbẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Bínú," ó wí. "Bínú sí mi tẹ́rùn. Inú ilé wa lo ti máa bínú."

Ó ti ilẹ̀kùn. Ó wá gbé àga tirẹ̀ yí bẹ́ẹ̀dì ká, ó fi há àárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri, ó sì jókòó síbi tí ojú ọkọ rẹ̀ kọ sí.